Òfin PACT: ṣé ìtọ́jú àwọn sójà àtijọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí, àbí àpò tí owó rẹ̀ ti ń jáde?

Ọmọ_Ọ̀yọ́ béèrè:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye lórí òfin PACT tí Ààrẹ Biden fọwọ́ sí ní August 10, 2022, èyí tó wà fún ìtọ́jú àwọn sójà Amẹ́ríkà tó fa èéfín olóró símú lójú ogun.

Ibi tó ń rú mi lójú rèé. Ní June 2022, sẹ́nétọ̀ 84 gbà á wọlé, 14 péré ló kọ̀. Ní July 27, àbádòfin náà padà dé iwájú wọn, ìbò 55 sí 42 ló jáde, kò sì tó 60 tí wọ́n nílò láti fi parí àríyànjiyàn, ló bá há síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé, ní August 2, ó tún gba 86 sí 11. Nínú àwọn èèyàn wa níbí, àwọn tó ń bá Democrat ṣe ní àwọn Republican fi ẹ̀mí aláìsàn ṣe òṣèlú. Àwọn tó ń bá Republican ṣe ní Democrat ló gbé 400 bílíọ̀nù dọ́là pamọ́ sẹ́yìn àwọn sójà.

Kí ló yí padà láàárín June sí July? Ṣé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ 400 bílíọ̀nù yẹn? Ẹni tó fẹ́ béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ lónìí ńkọ́, ṣé ìjà náà kàn án? Àwọn ọmọ wa tó wọṣẹ́ ológun níbí kò kéré. Ètò MAVNI tó gba àwọn àlejò wọlé nítorí èdè tí wọ́n gbọ́ ka èdè Yorùbá mọ́ ọn. Ẹni tó bá mọ ìwé òfin náà dunjú ni kó bá mi dá sí i.

Olùṣirò_Owó:

Ohun tó yí padà láàárín June sí July kò ju gbólóhùn kékeré kan lọ. Ẹ̀dà ti June sọ pé tí VA, ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn sójà àtijọ́, bá san owó láti fi tú dókítà tàbí nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nínú àdéhùn iṣẹ́ tó ti ṣe níbòmíràn, kó lè wá ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn VA tó wà ní ìgbèríko, onítọ̀hún kò ní san owó orí lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó orí ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà sì ní Ilé Aṣojú-ṣòfin ni irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ilé Aṣojú-ṣòfin yọ ọ́, wọ́n dìbò ní July 13, ó gba 342 sí 88, wọ́n sì dá a padà sí Ilé Aṣòfin Àgbà.

Nítorí náà, irọ́ ni pé wọ́n ki 400 bílíọ̀nù bọ̀ ọ́ láàárín oṣù kan yẹn. Abala owó tí Sẹ́nétọ̀ Pat Toomey ti Pennsylvania ń bá jà ti wà nínú ẹ̀dà ti June. Toomey fúnra rẹ̀ kò yí ohùn padà: ó kọ̀ ọ́ ní June, ó sì kọ̀ ọ́ ní July. Àwọn Republican 25 tó gbà á ní June tí wọ́n wá kọ̀ ọ́ ní July ló yẹ ká bi léèrè. Lọ́jọ́ kan náà, July 27, àwọn sẹ́nétọ̀ Democrat méjì, Schumer àti Manchin, kéde àdéhùn tó padà di Inflation Reduction Act, òfin ńlá lórí ojú ọjọ́, ìlera àti owó orí. Democrat ní ìbínú àdéhùn yẹn ni wọ́n gbé wá. Republican ní rárá, àwọn fẹ́ kí wọ́n dìbò lórí àtúnṣe Toomey kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn àríyànjiyàn ni.

Ẹ kíyè sí i pé Schumer, olórí Democrat níbẹ̀, wà lára àwọn 42 tó dìbò kọ̀ ọ́. Ìlànà ilé ni: ẹni tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó borí nìkan ló lè béèrè kí wọ́n tún ìbò dì. Ẹni tó bá ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé òun náà kò fẹ́ òfin ọ̀hún ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà.

Ní August 2, wọ́n jẹ́ kí Toomey gbé àtúnṣe rẹ̀ wá, ó ṣubú, òfin sì kọjá. Abala owó náà kò fi lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ti July 27. Láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn, àwọn sójà àtijọ́ sùn sórí àtẹ̀gùn ilé aṣòfin nínú ooru Washington, Jon Stewart, aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n, sì dúró tì wọ́n. Mo gbà pé àwọn yẹn ló ti ilẹ̀kùn ṣí.

Ọ̀rọ̀ àpò ló kàn wàyí. Oríṣi owó méjì ni ìjọba àpapọ̀ níbí ń ná. Ọ̀kan ni owó ọ̀ranyàn: ẹnikẹ́ni tó bá ti yẹ fún un, ìjọba gbọ́dọ̀ san án, iye yòówù kó jẹ́. Owó oṣooṣù tí sójà tó fara gbọgbẹ́ ń gbà wà níbẹ̀. Èkejì ni owó tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ń dìbò lé lórí lọ́dọọdún, tó sì ní òdiwọ̀n. Ilé ìwòsàn VA wà nínú ìyẹn. Bí owó ilé àti owó ọbẹ̀ ló rí: onílé kò ní gbọ́ àlàyé, ọbẹ̀ la máa ń fà sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé bí òfin ṣe kọ ọ́, ibi tí owó tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bá fọwọ́ sí bá mọ ni ìtọ́jú ilé ìwòsàn VA mọ.

Òfin PACT dá àpò ọ̀ranyàn tuntun sílẹ̀, Toxic Exposures Fund. Wọ́n fi iye tí wọ́n ná sórí ìtọ́jú àwọn tó fara kó nǹkan olóró ní ọdún ìṣúná 2021 ṣe ìpìlẹ̀. Ohunkóhun tó bá lé sí i lọ́dún kọ̀ọ̀kan lè jáde láti inú àpò yìí. CBO, ọ́fíìsì tó ń bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣírò owó, fojú bù ú pé láàárín ọdún mẹ́wàá, ìnáwó tuntun pátápátá á tó nǹkan bí 280 bílíọ̀nù dọ́là, àti pé nǹkan bí 390 bílíọ̀nù mìíràn lè kúrò nínú owó ọdọọdún bọ́ sínú owó ọ̀ranyàn. 390 yìí ni wọ́n ń pè ní 400. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fi pamọ́. CBO ti tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n tó dìbò ti June.

Baba_Ìbejì_TX:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé fún àlàyé yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ Toomey kalẹ̀ bó ṣe rí gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń bú u kò ka àtúnṣe rẹ̀.

Toomey kò bá 280 bílíọ̀nù jà. Àwọn àìsàn tuntun tí òfin gbà, owó oṣooṣù, àyẹ̀wò, kò fọwọ́ kan ìkankan nínú wọn. 390 ló ń bá jà. Owó yẹn jẹ́ ohun tí VA á ti ná bó ti wù kó rí, lábẹ́ òfin tó ti wà tẹ́lẹ̀, láti inú owó ọdọọdún. Tí ẹ bá gbé e kúrò lábẹ́ òdiwọ̀n, tí ẹ kò sì rẹ òdiwọ̀n náà sílẹ̀, àyè tó tó 390 bílíọ̀nù ti ṣí sílẹ̀. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lè fi ohunkóhun dí i, ohun tí kò kan sójà kankan. Ohun tí àtúnṣe rẹ̀ béèrè ni pé kí 390 dúró síbi tó wà. Kò sí aláìsàn kan tí ìtọ́jú rẹ̀ máa fi dín kù lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbà á.

Ìṣòro kejì tún wà, òun ló sì le jù lójú ẹni tó mọ ìṣirò owó ilé ìwòsàn. Ẹnì kan wá sí kílíníkì pẹ̀lú ikọ́ fée tó kó ní Balad, ibùdó sójà Amẹ́ríkà ní Iraq, ó sì tún ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò kan ogun. Dókítà kan náà ló rí i, láàárín wákàtí kan náà. Èló nínú owó dókítà yẹn ló yẹ kó jáde láti inú àpò olóró, èló ló yẹ kó jáde láti inú owó ọdọọdún? Ìṣirò àfojúbù ni wọ́n fi ń pín in, kì í ṣe ìwé owó aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àfojúbù bá ti ń pín owó láàárín àpò tó ní òdiwọ̀n àti àpò tí kò ní, owó á máa ṣàn lọ síbi tí kò sí òdiwọ̀n. Bí wọ́n bá sì yí ọ̀nà ìṣirò padà, bílíọ̀nù dọ́là lè ṣí kúrò láìjẹ́ pé aṣòfin kan na ọwọ́ sókè.

Ẹ wo bí àpò náà ṣe ń wú: 5 bílíọ̀nù ní ọdún ìṣúná 2023, 20.3 ní 2024, 24.5 ní 2025. Lẹ́yìn náà, ètò ìṣúná 2026 béèrè fún 52.7. Ẹni tó ka iye wọ̀nyí kò lè sọ pé ìbẹ̀rù Toomey kò nídìí.

Olùṣirò_Owó:

Baba Ìbejì, iye tí ẹ kọ yẹn tọ́, mo sì gbà pé bí wọ́n ṣe ń pín owó láàárín àpò méjèèjì ni ibi tó rọ jù nínú òfin náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó fọwọ́ sí wọn. 20.3 àti 24.5 wọ inú òfin June 2023, àdéhùn gbèsè ìjọba tí Biden bá Kevin McCarthy ṣe, McCarthy sì ni olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin lábẹ́ Republican nígbà náà. Ìjọba Trump ló béèrè fún 52.7. Àwọn Republican kan náà, nínú ìṣúná March 2025, yọ 22.8 bílíọ̀nù tí VA fẹ́ gbà sílẹ̀ fún 2026 nínú àpò náà, Democrat sì figbe ta. Lójú tèmi, ẹgbẹ́ méjèèjì ti gba àpò náà láàyè. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń jà sí báyìí.

Ìdí tí àpò ọ̀ranyàn fi wáyé ló yẹ ká rántí. Ẹ wo January 2003. Anthony Principi ni akọ̀wé VA nígbà náà, lábẹ́ Ààrẹ Bush. Owó kò tó, ó sì ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ mọ́ àwọn ìpele 8 (VA ń pín àwọn sójà àtijọ́ sí ìpele 1 dé 8), ìyẹn àwọn tí kò ní ọgbẹ́ ogun tí owó tó ń wọlé fún wọn sì ju ààlà tí VA fi sí i lọ. Òfin fún un láṣẹ bẹ́ẹ̀, nítorí owó ọdọọdún ni. Ní 2009 ni wọ́n tó ṣí i díẹ̀, tí wọ́n fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún ààlà náà.

Ẹ tún wo 2005. Ìṣirò tí VA fi béèrè owó ọdún yẹn ti wá láti ìgbà tí wọn kò tíì wọ Iraq. Nǹkan bí 23,500 sójà tó ń bọ̀ láti ojú ogun ni wọ́n rò pé yóò wá gba ìtọ́jú, ó sì di 103,000. Akọ̀wé VA, Jim Nicholson, ti ń sọ pé owó tó, kó tó di pé ó jẹ́wọ́ ní June pé ó fi nǹkan bí bílíọ̀nù kan dọ́là dín. Sẹ́nétọ̀ Patty Murray ti Democrat ti gbé àtúnṣe wá ṣáájú láti fi owó kún un, ìbò àwọn Republican sì dá a nù. Nígbà tó yá, àwọn náà ló wá ń sáré fi 1.5 bílíọ̀nù kún un.

Ní February 2014, àbádòfin Sẹ́nétọ̀ Bernie Sanders lórí ẹ̀tọ́ àwọn sójà, nǹkan bí 21 bílíọ̀nù, gba 56 sí 41, ó sì ṣubú torí òfin ìṣúná béèrè 60. Kò pẹ́, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn VA ti Phoenix tú síta, níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ àwọn tó ń dúró de dókítà pamọ́. Eric Shinseki, akọ̀wé VA nígbà náà, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní May 30. Ní August 7, òfin Choice jáde pẹ̀lú 10 bílíọ̀nù fún ìtọ́jú níta, lọ́dọ̀ àwọn dókítà aládàáni, àti 5 bílíọ̀nù fún gbígba òṣìṣẹ́. Owó tí wọ́n ní kò sí ní February ti wà ní August. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé owó ìwòsàn aláìsàn kò yẹ kó dúró de ìgbà tí ẹ̀sín bá jáde nínú ìròyìn.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:

Ẹ kú àríyànjiyàn. Mo fẹ́ kí a sún díẹ̀ kúrò lórí 2022, torí pé ìjà tó ń kan aláìsàn lójoojúmọ́ ti kúrò níbẹ̀. Ó ti wà lórí ìtọ́jú níta báyìí: ṣé kí VA gba òṣìṣẹ́ sí i sínú ilé ìwòsàn tirẹ̀, àbí kó máa san owó fún dókítà aládàáni?

Òfin MISSION ti 2018 ló gbé e kalẹ̀, ẹgbẹ́ méjèèjì sì dìbò fún un, 92 sí 5 ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Láti June 2019, òdiwọ̀n rẹ̀ ni pé tí ìrìn ọkọ̀ sí kílíníkì VA bá ju ìṣẹ́jú 30 lọ, tàbí tí ẹ máa dúró ju ọjọ́ 20 lọ kí dókítà gbogbogbòò tàbí ti ìlera ọpọlọ tó rí yín, ẹ yẹ fún ìtọ́jú níta. Fún dókítà onímọ̀ àkànṣe, ìṣẹ́jú 60 ni, tàbí ọjọ́ 28. Owó tó ń lọ síta gòkè láti nǹkan bí 15 bílíọ̀nù ní 2018 dé ohun tó lé ní 28 bílíọ̀nù ní 2023. Republican ní ẹ̀tọ́ àtiyan dókítà nìyẹn, kí wọ́n mú un gbòòrò. Democrat ní owó tó ń jáde lọ ni yóò sọ kílíníkì inú di òfìfo, tí ìṣòro kan yóò wá máa bí òmíràn: òṣìṣẹ́ dín kù, ọjọ́ ìdúró gùn sí i, àwọn èèyàn púpọ̀ sí i yẹ fún ìtọ́jú níta, owó inú tún dín kù. Mo gbà pé ewu yẹn wà lóòótọ́, pàápàá lẹ́yìn tí ìjọba kéde ní 2025 pé òṣìṣẹ́ bí 30,000 máa dín kù kí ọdún ìṣúná yẹn tó parí. (80,000 ni ìwé wọn ti March ń sọ tẹ́lẹ̀.) Fún ẹni tó ń gbé ìgbèríko tó jìn sí VA, ẹ̀wẹ̀, ìtọ́jú níta ni ìtọ́jú tó ní.

Ohun tó ń kó àwọn èèyàn sí gbèsè rèé. Yíyẹ fún ìtọ́jú níta yàtọ̀ sí gbígba àṣẹ. Ẹni tó bá lọ bá dókítà níta kí VA tó fi ìwé àṣẹ ránṣẹ́ lè san gbogbo owó náà fúnra rẹ̀. Ẹ dúró títí nọ́ńbà àṣẹ á fi dé, kí ẹ wo iye ìbẹ̀wò tó gbà yín láàyè àti ọjọ́ tó máa parí. Tí dókítà níta bá ní kí ẹ lọ ya àwòrán MRI tàbí kí ẹ rí dókítà mìíràn, àṣẹ tuntun ni ìyẹn fẹ́. Ẹ má gbà pé ti àkọ́kọ́ ti kó o mọ́ra. Fún pàjáwìrì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín jù, kí ẹ rí i pé wọ́n fi tó VA létí láàárín wákàtí 72 tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó wà níbi ìgbàwọlé kì í sábà rántí, kí ará ilé yín bi wọ́n.

Fún àìsàn kékeré, ilé ìtọ́jú kíákíá tó wà lórí àkójọ VA kò nílò àṣẹ, bí ẹ bá ti gba ìtọ́jú VA láàárín oṣù 24 sẹ́yìn. Ìpele 1 sí 5 kò san nǹkan kan fún ìbẹ̀wò mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́dún, láti orí ìkẹrin ni 30 dọ́là. Ìpele 7 àti 8 ń san 30 látìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀yọ́:

Ẹ ṣé gan-an. Ó ti yé mi báyìí pé àpò ni ìjà wà fún. Ẹni tó ti sin ìjọba ní Iraq tàbí Kuwait, tí kò tíì béèrè nǹkan kan rí ńkọ́, ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀? Tó bá sì fẹ́ padà sílé lọ gbé Ìbàdàn, ṣé ìtọ́jú náà parí nìyẹn?

Àdùkẹ́_Maryland:

Ẹ kú ìbéèrè o, àbúrò. Ilẹ̀kùn méjì ló wà, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn jẹ́ ọ̀kan, fọ́ọ̀mù 10-10EZ ni. Owó oṣooṣù nítorí àìsàn jẹ́ òmíràn, fọ́ọ̀mù 21-526EZ ni. Láti March 5, 2024, ẹni tó bá ti fara kó nǹkan olóró lẹ́nu iṣẹ́ ológun lè forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú tààrà, láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ béèrè owó. Ẹ forúkọ sílẹ̀ báyìí kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín.

Ní ti owó oṣooṣù, ohun àkọ́kọ́ ni fọ́ọ̀mù 21-0966. Ó ń sọ fún VA pé ẹ ń bọ̀ wá béèrè, ó sì ń di ọjọ́ yẹn mú fún ọdún kan gbáko. Tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìbéèrè yín lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá, láti ọjọ́ fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n á ti lè ṣírò owó. Ọjọ́ kejì lẹ́yìn ọdún kan, ọjọ́ náà ti sọnù. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù owó ọ̀pọ̀ oṣù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ kó ẹ̀rí jọ. Àǹfààní ńlá tí òfin PACT ṣe ni pé ó ju 20 àìsàn lọ tí òfin ti gbà pé èéfín ló fà á. Ikọ́ fée tí dókítà rí lẹ́yìn tí ẹ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀, imú dídí tí kì í lọ wà níbẹ̀, jẹjẹrẹ ọpọlọ àti ti kíndìnrín náà. Fún àwọn ti Vietnam, ó fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún un. Fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ẹ kò nílò dókítà tí yóò kọ ọ́ pé ogun ló fà á. Nǹkan méjì péré ni: ìwé dókítà tó fi hàn pé àìsàn náà wà lára yín, àti ẹ̀rí pé ẹ dé ibẹ̀. Iraq, Kuwait, Saudi Arabia, Qatar, Somalia àti àwọn tó yí wọn ká jẹ́ láti August 2, 1990. Afghanistan, Djibouti, Syria, Jordan, Yemen àti àwọn yòókù jẹ́ láti September 11, 2001.

Ẹ̀rí kejì yẹn ló ń dá àwọn èèyàn dúró. DD-214, ìwé tí wọ́n ń fún sójà tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kì í fi gbogbo ìgbà kọ orílẹ̀-èdè tí ẹ lọ, àgàgà tí ìrìn àjò náà bá kúrú tàbí tó jẹ́ ti ẹ̀ṣọ́ ìpínlẹ̀ (National Guard). Ẹ wá ìwé àṣẹ ìrìn àjò, tàbí ìwé owó oṣù tó fi owó ibi eléwu hàn fún oṣù yẹn, tàbí àmì ẹ̀yẹ ogun Iraq tàbí Afghanistan. Ẹni tẹ́ ẹ jọ wà níbẹ̀ lè kọ fọ́ọ̀mù 21-10210 fún yín. Àwọn èèyàn wa sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ orúkọ: ẹni tó yí orúkọ padà lọ́jọ́ tó di ọmọ orílẹ̀-èdè níbí, tí DD-214 rẹ̀ ní orúkọ kan tí ìwé ilé ìwòsàn sì ní òmíràn, kó fi ìwé ìyípadà orúkọ mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀.

VA lè pè yín fún àyẹ̀wò. Ẹ má ṣe pa á jẹ. Tí ẹ kò bá lọ, tí ẹ kò sì ní ìdí gidi, ohun tó wà nínú fáìlì nìkan ni wọ́n á fi dájọ́, wọ́n sì sábà máa ń kọ̀ ọ́. Lọ́dọ̀ oníṣègùn yẹn, ẹ sọ bí ọjọ́ tó burú ṣe máa ń rí. “Ara le, a dúpẹ́” tí a fi ń kí ara wa, òun ni yóò wọ inú ìwé tí ẹ bá sọ ọ́. Ẹ má sì gbà pé àyẹ̀wò èéfín olóró tí kílíníkì VA ń ṣe ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tí kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ti dúró fún ìbéèrè owó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Tí VA bá ti kọ̀ ọ́ fún yín kí òfin yìí tó jáde, ẹ má kọ 526EZ tuntun fún àìsàn kan náà. Fọ́ọ̀mù 20-0995 ni tiyín, ẹ sọ pé òfin ti yí padà. Ẹni tí wọ́n bá kọ̀ fún lónìí ní ọdún kan láti ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà náà kó tó pàdánù ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kò sí ẹni tí òfin fún láṣẹ láti gba owó lọ́wọ́ yín fún ìbéèrè àkọ́kọ́. Àwọn ẹgbẹ́ sójà àtijọ́ bíi DAV, VFW àti American Legion, àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ sójà ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí ẹ san ìlọ́po márùn-ún tàbí mẹ́fà àfikún owó oṣooṣù yín, ẹ sá fún wọn. Ọ̀rọ̀ wọn náà ti di ìjà ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì: àwọn kan fẹ́ dá ìjìyà ọ̀daràn padà fún un, àwọn kan fẹ́ kí wọ́n máa gbà á pẹ̀lú òdiwọ̀n.

Ní ti Ìbàdàn, owó oṣooṣù kò dúró, a máa wọlé síbikíbi tí ẹ bá wà. Ìtọ́jú ni ó yàtọ̀. VA kò ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Foreign Medical Program. Àìsàn tí VA ti gbà pé iṣẹ́ ológun ló fà nìkan ló ń san. Tó bá jẹ́ ikọ́ fée ni wọ́n gbà, ibà tó mú yín ní Bódìjà kò sí níbẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú fọ́ọ̀mù 10-7959f-1 kí ẹ tó kúrò níbí. Nígbà tí ẹ bá gba ìtọ́jú, ẹ san owó, kí ẹ gba ìwé owó tó to nǹkan sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: orúkọ àti àdírẹ́sì ilé ìwòsàn, orúkọ àìsàn, ohun tí wọ́n ṣe, ọjọ́ rẹ̀, iye rẹ̀, àti rísíìtì. Rísíìtì tó kàn kọ “ìtọ́jú” àti iye owó lápapọ̀ yóò padà sí yín. Ẹ fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú 10-7959f-2 láàárín ọdún méjì sí ọjọ́ ìtọ́jú náà.

Baba_Ìbejì_TX:

Mo fi kan kún ti Àdùkẹ́. Kí ẹni tó ń lọ sílé má ṣe dúró dé Nàìjíríà kó tó béèrè fún àìsàn tó kù. Ibi tí VA á ti rí oníṣègùn tó máa ṣe àyẹ̀wò náà níbẹ̀ kò rọrùn, ó sì lè fi oṣù púpọ̀ falẹ̀. Kí gbogbo àyẹ̀wò parí níhìn-ín, kí lẹ́tà ìpinnu wà lọ́wọ́, kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.